Irin Ìfẹ̀yìntì Màmá

Odigbo, ọjọ́ Sátidé

Láti ìgbà tí Màmá ti já bọ́ lẹ́yìn ọ̀kadà mi, wọn kò dé oko kòkó wọn ní Omifunfun mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ra irin ìfẹ̀yìntì, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó ọ̀kadà, ní Ọ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọn ìjókòó kí n tó fi sípánà kan bóòtù. Nígbà tí mo dè é tán, kò mì rárá.

Màmá ká ìró mọ́ra, wọ́n jókòó, wọ́n kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí apá kan bí ìṣe wọn, irin sì gún wọn níhà. Ẹni tó wọ ṣòkòtò, tó la ẹsẹ̀ jókòó, ni mo wọ̀n ọ́n fún.

Wọ́n bi mí pé, "Ẹnjiníà, ìyá ta lo ṣe èyí fún?"

Mo fẹ́ tú u kúrò. Wọ́n ní rárá.

"Sún un sẹ́yìn díẹ̀. Ọwọ́ ni n ó fi dì í mú."

Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà lórí irin àti ẹrù, n kò ro ìyẹn.

Mo sún un sẹ́yìn, Màmá fi ọwọ́ dì í mú, a lọ sí Omifunfun, a sì bọ̀. Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀, eruku ara irin náà ni wọ́n kọ́kọ́ nù, kí wọ́n tó gbọn ti ìró wọn.