Bàbá, Mo Béèrè Kí N Tó Dáhùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Òmù-Àrán, iṣu tí ẹ̀gbọ́n mi gbìn sí oko yín sì ti ń hù. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi náà ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ mú bírò. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí ẹ ti fi ayé sílẹ̀, òní ni mo rí ẹnu sọ ọ́.

Ṣé ẹ rántí bí àwọn ará àdúgbò ṣe máa ń pè yín ní Bàbá Jẹ́-n-béèrè? Kò sí ohun tí ẹ máa ṣe tí ẹ ò ní kọ́kọ́ bi Ọlọ́run. Ẹ ó jókòó sórí òkúta ẹ̀yìnkùlé, pákò lẹ́nu, fìlà lórí orúnkún, ẹ ó dákẹ́ lọ gbári. Ọjọ́ tí ọkùnrin ará Ṣàrẹ́ kan wá ra ewúrẹ́, kí ẹ tó dìde lórí òkúta yẹn, ó ti ra ti aládùúgbò wa lọ. Inú bí mi. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín ní tiyín.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ọkùnrin Ìlọrin yẹn, ẹ bi mí bóyá mo ti gbàdúrà sí i. Mo ní mo ti gbàdúrà. Irọ́ ni, Bàbá. Mi ò gbàdúrà kankan. Ẹ̀rù ló bà mí pé Ọlọ́run lè ní kí n má lọ, mo sì ti fẹ́ lọ. A ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Kò pé ọdún kan tí ó fi mí sílẹ̀, tí ó gbé ẹlòmíràn. Ẹ̀yin lẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn káàkiri ilé àwọn ẹbí láti sọ fún wọn pé kò sí ìgbéyàwó mọ́. Ẹ ò bá mi wí. Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà náà pé mo parọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Ní ọdún tó kọjá, tíṣà kan láti Èsìẹ́, tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn.

“Sìsítà, mo ti gbàdúrà. Ọlọ́run ti fi yín hàn mí.”

“Ọlọ́run tó bá yín sọ̀rọ̀ mọ ilé tèmi náà, Bùrọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ná.”

Ìyá Òwu, àbúrò yín tó wà ní Òwu-Ìsin, gbọ́, wọ́n sì wọ mọ́tò wá.

“Kí lo tún fẹ́ béèrè? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Ṣé ọkùnrin náà ń mutí ni?”

Kì í mutí. Èèyàn gidi ni. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀. N ò gbọ́ ohùn kankan. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni mo rí i pé kì í ṣe ọkùnrin náà ni mò ń fẹ́. Ẹnu àwọn èèyàn ni mo fẹ́ fi í dí. Ọjọ́ tí mo gbà bẹ́ẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ara mi fúyẹ́. Mo sọ fún tíṣà náà pé rárá. Ìyá Òwu ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin ará Agbamu kan wá rán aṣọ ìgbéyàwó lọ́dọ̀ mi. Ó dárúkọ ọkọ rẹ̀: tíṣà náà ni. Mo rọra mú téèpù, mo wọn èjìká rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀.”

“Ṣé o ti bi Ọlọ́run?”

“Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń bi Í nípa tíṣà. Àwọn gan-an ò mọ̀.”

Bàbá, mo ní láti yíjú sẹ́yìn bí ẹni ń wá ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fa ìlà sára aṣọ. Tí mo bá ti dáhùn kíákíá ńkọ́?

Mo lọ sí ìgbéyàwó náà. Ìyá Òwu jókòó tì mí.

“Ṣé kò dùn ọ́?”

“Ó dùn mí díẹ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo kàn rí Ìyá Òwu lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ wọn fẹ́ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìlọrin, wọn ò sì mọ èyí tí wọn yóò ṣe.

“Ti ilẹ̀kùn yẹn,” ni wọ́n wí. “Wá, kí á jọ bi Í.”

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo di ọwọ́ wọn mú, nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n, a sì kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ègé aṣọ tó wà nílẹ̀, èmi àti àbúrò yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín dọ́ba.