Sálúbàtà Tí Pius Kò Jí

Fọlákẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ìdáraolúwa ọmọ yín tí ẹ ní ó ti ń sọ òyìnbó ju bó ṣe ń jẹun lọ. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa ní Ajue níbí yóò máa ṣọ́ yín ní Èkó níbi tí iṣẹ́ Rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mi ò pè ọ́, lẹ́tà ni mo kọ, nítorí obìnrin inú fóònù yẹn tún ti dá sí ọ̀rọ̀ wa, ó ní kí n gbìyànjú nígbà mìíràn, bí ẹni pé òun ló bí ọ. Dírẹ́bà kan ní gáréèjì Orè ni yóò mú un wá. Kòkó so dáadáa. Ìyá rẹ kí ọ, ó sì ń bínú sí mi, ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn.

O rántí fọ́tò eegun tí o ní kí n lọ yà ní ọsibítù, nítorí ẹ̀yìn mi tó ti wọ́ láti ìgbà tí mo já bọ́ lórí igi obì. Mo wọ agbádá lọ, wọ́n ní kí n bọ́ ọ, mo bọ́ ọ, síbẹ̀ nígbà tí fọ́tò náà jáde kò sí orí mi níbẹ̀. Mo ṣáà gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ, àlejò sì ń bèèrè pé ta nìyí. Dókítà ní ọ̀pá ẹ̀yìn mi ti rí kọ́rọkọ̀rọ bí ọ̀nà Araromi-Obu, pé ó ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀, pé iṣan náà dà bíi wáyà iná. Mo sọ fún un pé Ajue kò rí iná láti èṣín, ṣé ara mi nìkan ni wọ́n wá fa wáyà sí. Ó ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi irin àti nọ́ọ̀tì de ẹ̀yìn náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ yẹn lè kú. Mo ní ẹ̀yìn mi kì í ṣe ọ̀kadà, mo wọ agbádá mi, mo lọ sílé.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó bá ń wó ò lè ya èmi àgbẹ̀ lẹ́nu. Bí ọmọ bá wúwo lórí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, igi onípàlàkà la fi ń tì í níbi tó ń fì sí, kò sí ẹni tó ń gbé àgbagbà lọ sí ọsibítù. Ni mo bá gé igi onípàlàkà tó dára, mo ki pàlàkà rẹ̀ bọ abẹ́ abíyá ọ̀tún, mo ń gbé e kiri. Mo gbé e lọ oko, mo gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ ní kí n má gbé e wá sórí ibùsùn, mo bi í pé ṣé àgbagbà kì í wó lóru ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Pius ọlọ́kadà gbé mi dé ẹnu oko, mo fi igi ti àgbagbà díẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn wálé. Ìgbà tí mo jókòó ni mo rí i pé sálúbàtà wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò sí ní ti òsì. Mo ní Pius ló jí i, ta ló tún sún mọ́ ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ náà? Mo pe baálẹ̀, mo ní irú olè tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn báyìí kò tíì sí ní gbogbo Odigbo. Pius ní kí lòun fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe. Baálẹ̀ ní bóyá ó ń dúró de èkejì ni.

Pius kò bá wa jà. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ padà sí oko, ó sì gbé sálúbàtà náà dé, ìdí àgbagbà tí mo ń tì ló ti bá a. Ni ìyá rẹ bá gbé ẹsẹ̀ òsì mi wò. Kùkùté ẹ̀gẹ́ ti ya àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i, ẹ̀gún ọ̀pẹ sì wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ fà yọ, èmi ń wò ó bí ẹni pé ẹsẹ̀ Pius ni. Ó da omi gbígbóná sí i, ó ní ṣé kò gbóná jù, mo ní omi wo. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà mí, Fọlákẹ́. Mo bẹ Pius níwájú gbogbo wọn, ó ní kò burú, kí n ṣáà máa wo ẹsẹ̀ mi bí mo bá ń rìn.

Mo ti wá rò ó dáadáa. Àgbagbà tí mo bá tì, ojú kan ló ń dúró sí, ilẹ̀ ló gba ìdí igi rẹ̀ mú. Èmi ń gbé igi tèmi kiri, ta ló wá ń ti ta. Irin tí dókítà ń wí yé mi wàyí, igi onípàlàkà náà ni, inú ló fẹ́ fi tèmi sí, kí ìyá rẹ lè rí ààyè sùn. Dókítà ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbà. Wí fún un pé ọ̀tún ni mo ń fì sí, ọ̀tún ni kó ti tì mí, kó sì rọra, nítorí àgbagbà tí wọ́n bá fi ipá gbé dìde, ìdí ló ti ń já.

Fi owó mọ́tò ránṣẹ́, tèmi, ti ìyá rẹ, àti ti àga kan sí i fún igi náà, mi ò lè fi í sílẹ̀ títí irin yóò fi wọlé. Fi díẹ̀ lé e kí n fi ra nǹkan fún Pius.

Ẹ̀yìn rẹ kò ní wọ́. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀, wàá máa mọ̀ pé o tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé kí ọ. Mo ní kí ẹsẹ̀ òsì náà kí ọ, kò dáhùn, mo bá a kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fádáre