Bí Ọ̀nà Etíkun Ṣe Gba Iwájú Ilé Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá
Àlejò ìgbafẹ́ tó kẹ́yìn lọ láàárọ̀. Mo ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí gbogbo fèrèsé. Kò pẹ́ rárá, ariwo katakata ti gbòde. Bí ìlú wa ṣe rí nìyẹn: àwọn tó wá lúwẹ̀ẹ́ á lọ, àwọn tó wá kọ́lé á dé. Alásìkò náà ti dé, àpótí irinṣẹ́ léjìká. Ọ̀gá bíríkìlà ni. Lọ́dọọdún ló ń gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ mi títí iṣẹ́ á fi parí. “Onílé, ẹ kú ojú lọ́nà.” Ta ló sọ fún un pé ojú mi wà lọ́nà?
Ó wà lọ́nà.

Ọjọ́rú, 5
Mo rìn dé etíkun. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó jẹ́ kòtò lásán léṣìí ti di alájà mẹ́rin. Ilé ìwẹ̀ àtijọ́ ti lọ, koríko ló wà níbẹ̀. Ìlú yìí dà bí ọmọ tó ń dàgbà — aṣọ èṣí ò gbà á mọ́. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Alásìkò tún ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ṣe. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún ọmọ mi obìnrin lórí fóònù, ó ní, “Màmá mi, bàbá yẹn ò kàn ń háyà yàrá lásán o.” Mo ní kó panu mọ́. Opó ni mí, n kì í ṣe ọmọge.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ìpàdé káńsù. Máàpù — ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣètò ìlú, kì í sọ̀rọ̀ láìtẹ́ pùláànù sílẹ̀ — ka iṣẹ́ tó ti parí lọ́dún yìí. A pàtẹ́wọ́. Ó wá ka èyí tó kù kí àlejò tó padà: wọn á fẹ ọ̀nà etíkun. Ọ̀nà tiwa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi àti yàrá iwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lọ. Mo ti ń pàtẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ọwọ́ ara wa ni èmi àti olóògbé fi kọ́ ọ. Kí ni màá wá fi gbàlejò?

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Aládùúgbò tó ń ta bàtà sọ ọ́: Alásìkò ló gba iṣẹ́ wíwó ilé mi. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi lọ bẹ káńsù fún iṣẹ́ náà! Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo gbé tíì rẹ̀ kalẹ̀, mi ò kí i.

Ọjọ́rú, 19
Mo ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo pariwo. Ó dúró títí mo fi parí. Ó ní, “Onílé, bí mo gbà á, bí mi ò gbà á, wọ́n á wó o. Ẹlòmíì tó fẹ́ gbà á, katakata ló fẹ́ gbé wọlé. Ẹ̀yìn ilé á sán. Ọwọ́ lèmi fẹ́ fi tú u, búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. A ó fi wọ́n kọ́ yàrá míì sẹ́yìn.” Kí ló dé tí ò sọ fún mi? “Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ẹ máa lé mi.” Mo ní mo ṣì lè lé e. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, mo sunkún mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ajé, 24
Alásìkò àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ń kan ògiri bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn. Máàpù wá wò wọ́n. Wọ́n ní kó bá wọn to búlọ́ọ̀kù. Ó tò ó. Ṣòkòtò dúdú di funfun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29
Ògiri tó kẹ́yìn lọ lọ́sàn-án. Mò ń fọ abọ́, ìmọ́lẹ̀ kan wọlé. Mo gbójú sókè — òkun! Nínú ilé ìdáná mi! Àlejò ni mo ń fún ní yàrá tó rí òkun láti ọjọ́ yìí wá. Èmi, ògiri ni mò ń wò. Alásìkò dúró lórí àwókù, eruku bò ó. Ó ní ṣé kí òun mọ ọ́n dí? Mo ní rárá o, fèrèsé ni kó fi síbẹ̀, kó fẹ̀ dáadáa. Ó ní èyí á gba àkókò, àlejò á ti dé kó tó tán. Mo ní ta ló ń lé e?
Ó wò mí títí. Ó gbé hámà sílẹ̀, ó fọwọ́, ó wá jókòó tì mí. Ó ní òun ò ní lọ mọ́.
Mo ní mo gbọ́.