Fọ́ọ̀mù Fọlájìmí àti Okùn Àgbò Mi

Fọlájìmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ ní Abúlé Òkúta, l'Ékòó níbẹ̀? Ìyá rẹ ń kí ọ, gbogbo ilé ń kí ọ, àgbò Iléyá náà ì bá kí ọ bí ó bá wà nílé, màá dé orí ìyẹn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìjọba ṣọ́jà kọ orúkọ rẹ mọ́ ti àwọn tísà tí wọ́n ń lé kúrò níṣẹ́. Àmín.

Ọgbọ̀n fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ dé. O ní bí o ò bá parí iṣẹ́ ìwádìí yìí kí o gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n á yọ ọ́ níṣẹ́. O ní o fẹ́ mọ̀ bóyá ojú, etí tàbí ọwọ́ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń gba ẹ̀kọ́, àti bí ìyẹn ṣe kan ọgbọ́n ìṣirò rẹ̀, àti pé wàá gbé ti àwọn ọmọ abúlé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọmọ Bariga tí ò ń kọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìdíje ni. O tún kọ ọ́ pé kò sí ìdáhùn tó burú, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀tàn ìjọba rèé.

Mo bá gba ilé ìwé lọ, mo fa àgbò mi dání nítorí olè ayé ọ̀wọ́n yìí, mo so ó síta. Mo to àwọn ọmọ sórí ìlà bí ṣọ́jà ṣe fẹ́ ẹ, wọ́n dúró ṣánṣán débi pé adìyẹ kan bà lé ọ̀kan lórí. Tísà Tabitha tó ń kọ́ wọn ní kí n jẹ́ kí kálukú sọ tinú ẹ̀, mo ní ṣé kí ìdáhùn wa máa bá ara wọn jà níwájú àwọn ará Èkó ni? Etí ni mo mú fún gbogbo wọn, torí ọmọ tó ń gbọ́ràn ni gbogbo òbí ń fẹ́. Ibi tí o ti bèèrè pé bí wọ́n bá na okùn kan gbọọrọ tí wọ́n gé e sí ọ̀nà mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọ̀bẹ máa gé e, mo ní kí wọ́n kọ mẹ́jọ, kíá.

Saheedat ọmọ alápẹ̀rẹ̀ nìkan ló ní òun ò kọ. Ó ní etí òun gbọ́ o, ṣùgbọ́n kò yé òun, ọwọ́ lòun fi ń mọ nǹkan. Mo ń bá a wí lọ́wọ́ ló jáde, ó padà wọlé pẹ̀lú okùn àti ọ̀bẹ, ó gé e, ó kó o lé mi lọ́wọ́: ọ̀nà mẹ́jọ, ọ̀bẹ gé e lẹ́ẹ̀meje. Mo bínú, mo gba ọ̀bẹ, mo fọwọ́ ara mi gé okùn míì. Méje. Mo tún gé òmíràn. Méje! Orí mi ṣí wàà bíi fèrèsé. Ariwo tó sọ níta ló jẹ́ ká mọ̀ pé okùn ọrùn àgbò mi ni ọmọ náà gé. Àgbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Abúlé Òkúta lọ́dọ̀ rẹ.

Fọlájìmí, má bínú. Fọ́ọ̀mù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó wà nínú àpò yìí, ohùn mi ni gbogbo wọn, má ṣe gbé wọn fún ọ̀gá rẹ. Ti Saheedat tí mo fi sókè nìkan ló jẹ́ òótọ́. Fi òmíràn ránṣẹ́, Tísà Tabitha á pín in fún wọn, èmi á jókòó sílé mi. Bá mi fi owó díẹ̀ sí i fún okùn àti àwọn tó ń wá àgbò kiri, mo mọ̀ pé nǹkan ò rọgbọ. Ọlọ́run á dá iṣẹ́ rẹ sí, wàá gba ìwé ẹ̀rí, wàá fi jẹun pẹ́.

Fọ́ọ̀mù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló yẹ kí àwọn ọmọ tún kọ, ṣùgbọ́n fi ọgbọ̀n ránṣẹ́. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí bí nǹkan ṣe ń yé mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùrájù