Ẹjọ́ Orí Bẹ́ǹṣì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò fún yín kí ẹlòmíì tó dé ọ̀run wá rò ó ní tirẹ̀. Mo gé Múdàṣírù jẹ. Àbíkẹ́yìn yín, tí ẹ máa ń gbé kọ́ ọrùn lọ sí odò ẹran láàárọ̀ kùtù kí ó lè wo màlúù. Èjìká ọ̀tún ni mo ti gé e. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ ò tíì gbàgbé àríyànjiyàn ẹ̀yin àti Tísà, aládùúgbò wa. Ní gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ fi wà láyé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ẹ̀yin lápá kan, òun lápá kejì. Tísà á yí rédíò rẹ̀ sókè kí ẹ lè gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń pa ara wọn, á ní ìwà ibi ni wọ́n bí mọ́ ọmọ ènìyàn, pé láti inú oyún la ti ń ta ìyá wa nípàá. Ẹ̀yin á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ á fi àtẹ́lẹwọ́ nu itan yín bí ẹni ń nu ọ̀bẹ, ẹ á ní irọ́ ni. Bí ènìyàn bá burú, ẹ̀yin alápatà tí ọ̀bẹ kò kúrò lọ́wọ́ yín láti kékeré, ta lẹ gún rí? Tísà á ní màlúù ló ti bá wa gba ọ̀bẹ ti ọjọ́ náà. Gbogbo àdúgbò á bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á rín in, ẹjọ́ á sì bọ́ sọ́wọ́ Tísà. Mi ò rí ọjọ́ kan tí ẹ borí.

Ó máa ń bí mi nínú fún yín. Nídìí maṣíìnì ìránṣọ mi nínú yàrá iwájú ilé yín, tí mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń sọ fún ara mi pé èmi gan-an ni ẹ̀rí yín. Èmi tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́ nílé ọkọ. Èmi tí mi ò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yẹn náà ló dá ìjà sílẹ̀. Múdà ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí lọ́nà Ìjàgbó, ó ń tún ọ̀kadà ṣe. Lọ́sàn-án Sátidé kan ó ti ọmọlanke dé, ó ní òun fẹ́ gbé bẹ́ǹṣì lọ kí àwọn oníbàárà òun lè rí nǹkan jókòó lé. Mo ní bẹ́ǹṣì bàbá mi kò ní di ohun tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Ó ní ṣé bàbá tèmi nìkan ni. Mo kàn dì í mú ni.

Níbòmíràn, bí ọmọ ìyá méjì bá dìmú, wọ́n á là wọ́n. Ọ̀fà la wà. Kí n tó ṣẹ́jú, Alhaja tó ń ta epo ní òdìkejì ti gbá òkúta ilẹ̀ kúrò fún wa kí ẹ̀yìn ẹni tó bá ṣubú má baà bó. Àgbẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti Ojókù sọ iṣu rẹ̀ kalẹ̀, ó sọ ara rẹ̀ di rẹfirí. Àwọn èrò ń pariwo pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kí a má dójú ti ìlú. Ọwọ́ mi ti ń rọ̀, mo ti fẹ́ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìlú wà lára mi. Mo tú ìborùn mi, mo fi gbàjá.

Mo dá a, Bàbá! Ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, rẹfirí sì gbé ọwọ́ mi sókè. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti na ọwọ́ kejì sí àbúrò mi kí n fà á dìde, bí ẹ ti kọ́ wa. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo gé e jẹ. Àgbẹ̀ Ojókù ju ọwọ́ mi sílẹ̀, ó gbé iṣu rẹ̀.

“Èyí kúrò ní ìjàkadì,” ló wí, “ó ti di oúnjẹ.”

Múdà ti ọmọlanke òfìfo lọ. Tísà, tó ti wà lórí bẹ́ǹṣì kí Múdà tó dé, ò tilẹ̀ dìde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mi ò lè purọ́ fún yín: mo mọ ohun tí mò ń ṣe, ó sì dùn mọ́ mi díẹ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Níbo ló sá pamọ́ sí ní gbogbo ọdún tí mo fi ń jẹ́ Pẹ̀lẹ́? Ṣé ẹ̀yin náà rí i lára mi rí, tẹ́ ẹ kàn ń bò mí láṣìírí? Mo mọ̀ pé mo ti ba ẹjọ́ yín jẹ́, ẹ ò sì sí níbẹ̀ láti tún un rò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mi ò lè wo ojú Tísà.

Lọ́jọ́ kẹrin ó dé lẹ́yìn ìrun Àsárì, kò gbé rédíò dání. Ó jókòó sí apá tirẹ̀, ó fi apá tiyín sílẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀, mo ní òun ló jàre, pé ibi ni wọ́n bí mọ́ wa lóòótọ́. Mo ń dúró kí ó rẹ́rìn-ín. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

“Irọ́ ni,” ló wí. “Ta ló dá ta? Ìwọ tí abẹ́rẹ́ lò ń gbé, àbí Múdà tó ń dá gbé ọ̀kadà? Ojú mi ló ṣe. Ó ṣubú fún ọ ni, kí ojú má baà ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín èrò.”

Ìgbà náà ni mo wá rántí pé nígbà tí eyín mi wọlé, Múdà kò gbé ọwọ́ sókè. “Àǹtí, ó tó,” ni gbogbo ohun tó sọ. Mo sunkún, Bàbá. Mo béèrè pé èmi tí mo gé e jẹ ńkọ́? Tísà nu itan rẹ̀, ó ní mi ò tíì jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà ni. Àfi bíi pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.

Mo din ẹran, mo gbé e lọ fún Múdà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bá a tó bọ́ ẹ̀wù, tó ń fi ojú eyín mi han àwọn oníbàárà rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. A jọ kan bẹ́ǹṣì tuntun fún un. Tiyín ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí.

Láti ìgbà náà, ẹjọ́ tiyín ni Tísà ń rò lójoojúmọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a jiyàn kí ọ̀rọ̀ má baà tán, nítorí náà mo máa ń fi maṣíìnì sílẹ̀ lọ jókòó sí apá kejì, mo sì máa ń ro ẹjọ́ tirẹ̀ àtijọ́, pé ènìyàn burú. Mò ń gbìyànjú gidi, ẹ̀rí mi wà lára Múdà. Ṣùgbọ́n ní báyìí tẹ́ ẹ ti kú, Bàbá, kò sí ọjọ́ kan tẹ́ ẹ ò borí.

Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ yín. Àárò yín ń sọ mí.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin,
Pẹ̀lẹ́ àná.