Ẹ̀rín Màmá Lórí Fóònù

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa. Káfíńtà ti tún òrùlé tó ń jò ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí Màmá mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ pè pé oyún ìyàwó wa ti bà jẹ́, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò gbọ́ yín ni. Sisipilátíìnì, oògùn jẹjẹrẹ tí a fi irin pilatínọ́ọ̀mù ṣe, ti jẹ́ kí kókó inú wọn súnkì, àmọ́ ó ba etí wọn jẹ́. Wọ́n fi pa mọ́ fún wa. Ìkòkò já lulẹ̀ lẹ́yìn wọn, wọn ò bojú wẹ̀yìn, ìyẹn ni mo fi mọ̀.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé fún wọn. Wọ́n sunkún títí: "Ọmọ mi sunkún sí mi létí, mo fi ẹ̀rín dá a lóhùn!"

Ọlọ́run á fi ọmọ tó máa bá yín kalẹ́ rọ́pò. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Ojú wọn ṣì ríran.

Àbúrò yín.