Ohùn Tó Ta Àgúnmu fún Màmá

Bàbá mi tí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹ̀fẹ̀ mi tó parí,

Ara mi ò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti gbé bírò yìí sílẹ̀ lọ yọjú wo Màmá. Wọ́n ṣì kọjú sí ògiri. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́: àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi ni mo ba ojú Màmá jẹ́.

Ṣé ẹ rántí ọkùnrin tó ń ta oògùn ìbílẹ̀ ní gáréèjì àdúgbò Television, tí ẹ máa ń pè ní Alájì Ẹlẹ́nu Ṣúgà? Ó gbọ́ tí mo ń sín àwọn ìyá àgbà jẹ fún àwọn kọndọ́ ọkọ̀, ló bá ní kí n wá sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì òun. Mo ti kúrò nílé ìwé ní fọ́ọ̀mù tíirì lẹ́yìn tí ẹ jáde láyé, kò sí nǹkan tí mò ń ṣe. Súyà ló fi bẹ̀ mí. Mo gbọn ohùn, mo di ìyá arúgbó kan láti Ìlọrin:

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú mi ti fọ́ tán o! Ọjọ́ méje péré ni mo fi lo àgúnmu yìí. Wallahi, mo ti ń rí abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn!”

Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí.

Màmá ló wá gba ibẹ̀ kọjá. Gbohùngbohùn ń ké, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìlọrin láàárín Hausa gbogbo. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n: ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ bí ará Ìlọrin ní Kaduna yìí, ẹbí wọn ni. Wọ́n ra àgúnmu, wọ́n fi pamọ́ fún mi kí n má baà fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń bù ú sínú ẹ̀kọ láràárọ̀, wọ́n sì tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọsibítù fún wọn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n ní nǹkan dúdú kan bí òwú aláǹtakùn ń rìn lójú òsì wọn. Mo ní kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹnu mi yìí!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú náà ò ríran mọ́, mo sì mú wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà fi iná wo inú ojú náà. Ó ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú tín-ín-rín ju òwú lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti sọ wọ́n di aláìlágbára, ọ̀kan sì ti jò. Ọ̀kan nínú oògùn ọsibítù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, aáyù àti ata ilẹ̀ inú àgúnmu tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn ń lò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí méjèèjì bá pàdé, tí iṣan kan bá jò, ẹ̀jẹ̀ ò ní tètè dá. Kò búra pé àgúnmu ló fà á, àmọ́ ó ní kí wọ́n pa á tì lójú ẹsẹ̀.

“Dókítà, ẹ má bínú,” Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀, “ìyá Ìlọrin kan ti lò ó. Kò lè purọ́ fún ará ilé ẹ̀.”

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀. “Màmá, èmi ni ìyá yẹn.” Mo gbọn ohùn, mo sọ gbogbo ẹ̀ látòkèdélẹ̀. Bàbá, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí!

“Ọmọ yìí á pa mí! Ìyá arúgbó yẹn lo tún ń sín jẹ? Àgbà ni o!”

Ṣé torí ọjọ́ tí mo ké bíi ládánì, tí ẹ fi ṣínu kí oòrùn tó wọ̀, ni wọn ò ṣe gbà mí gbọ́? Ẹ lé mi dé títì, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí ẹ ò nà mí dáadáa lọ́jọ́ náà?

Láàárọ̀ yìí, Màmá tún mú ṣíbí láti bu àgúnmu náà. Mo ní kí n fi ohùn yín dá wọn dúró. N kò tíì ṣe ohùn yín rí látìgbà tí ẹ ti lọ. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bíi tiyín, mo lanu, kò jáde. Ẹkún ló jáde. Kì í ṣe ẹkún ìyá àgbà kankan, tèmi ni, burúkú burúkú, tòun ti ikun imú.

Màmá fi ojú kan tó kù wò mí títí. “Ìwọ ni lóòótọ́?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n da gbogbo àgúnmu náà sí ṣáláńgá. Látìgbà náà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé ojú náà á là? Dókítà ní ká padà wá lọ́jọ́ Ajé. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì ń ké ní gáréèjì, mo gbọ́dọ̀ lọ gbà á, ṣùgbọ́n mi ò lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà yìí. Tí wọ́n bá pè mí, ohùn ara mi ni n ó fi jẹ́ wọn.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín, tí àárò yín ń sọ.